Ẹyẹ Ọmọ Onílẹ̀

Lọ́dún tí mo ń ṣe ìpìlẹ̀ ilé mi ní Langbasa, ní Ajah, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọmọ onílẹ̀ wá kí mi. Wọ́n gba owó ìpìlẹ̀. Wọ́n gba owó dẹ́kì, bẹ́ẹ̀ ilé ilẹ̀ ni mò ń kọ́. Wọ́n tún padà wá gba owó òrùlé nígbà tí n kò tíì ra páànù ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kẹta yìí, ọ̀gá wọn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù mi, ó ń fi itọ́ ka náírà. Ẹyẹ kan bà sórí igi ọdán tó wà lẹ́yìn rẹ̀, aláwọ̀ eérú, onírù gígùn, tí ẹnu rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe ẹyẹ yìí rí mọ̀ pé n kò fi kún un: ẹ̀rín ẹlẹ́yà gbáà ni. Bíríkìlà mi gbé orí sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́ nǹkan? Onílẹ̀ gan-an ló ń fi gbogbo wa rẹ́rìn-ín yẹn."

Orúkọ yẹn mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ tiwọn fún ẹyẹ tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló wà láyé, tí ẹ bá wá a dé ilẹ̀ mìíràn, ẹ kò ní í rí ìyẹ́ rẹ̀ ẹyọ kan. Èmi, ẹyẹ ọmọ onílẹ̀ ni mò ń pè é. Kì í gba owó òrùlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní abúlé bàbá kan níbòmíràn tí yóò sá lọ. Ẹlẹ́rìn-ín Langbasa kò sí lára wọn ṣá o. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ń fi èèyàn ṣẹ̀sín.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe. Òde ìnáwó ni mo ti bẹ̀rẹ̀: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkómọ, oyè jíjẹ, kí n tó yà sídìí ẹyẹ. Àwọn èèyàn rò pé sùúrù ló le jù nínú iṣẹ́ ẹyẹ. Rárá. Ẹni tó bá ti fi ọdún méjìlá ya fídíò òde l'Ékòó, tí ìyá ọkọ ti lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé gèlè òun kò hàn tán, kò sí ìyà tí ẹyẹ lè fi jẹ ẹ́ mọ́. Ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí, mo máa dé ibẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó rí owó ìrìnàjò máa ń lọ sí erékùṣù. Ibẹ̀ ni ẹyẹ ọmọ onílẹ̀ pọ̀ sí, nítorí ẹyẹ tí omi bá ti ká mọ́ ibì kan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, á yí padà díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi jọ ẹbí rẹ̀ tó wà ní òkè odò mọ́. Wọ́n lọ sí Madagásíkà, wọ́n lọ sí São Tomé, wọ́n á dé, wọ́n á ní, "Ìwọ ńkọ́? Erékùṣù wo lo ti lọ?" Èsì mi kì í yí padà. Mo ní Lẹ́kí.

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá sì mọ àwòrán ilẹ̀ nínú wọn á tún mi ṣe pé Lẹ́kí kì í ṣe erékùṣù. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀sà wà lápá òkè rẹ̀, òkun wà lápá ìsàlẹ̀, ó sì nà lọ síhà Ẹ̀pẹ́ láìdá dúró. Kò sì sí ẹyẹ kan níbẹ̀ tí ẹ kò lè rí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n igbó tó ṣẹ́ kù nínú Lẹ́kí, ta ni yóò bá mi jiyàn pé kì í ṣe erékùṣù? Hẹ́kítà 78 ni gbogbo rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, níwájú ọ́fíìsì Chevron. Ilé ló yí i ká dípò omi. Bí ẹyẹ inú igbó bá fò kúrò níbẹ̀, páànù ló máa bà lé.

Kọ̀nsáféṣọ̀n ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe ibẹ̀. Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń tọ́jú rẹ̀. 1990 ni wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ lónìí, afárá orí igi ló ń fà wọ́n, èyí tí wọ́n kọ́ ní 2015, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Èmi kì í gun afárá yẹn lọ ya ẹyẹ. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ogójì bá ń pariwo lórí okùn tó ń mì, ẹyẹ wo ni yóò dúró? Ìsàlẹ̀ ni mò ń wà, létí àbàtà, lábẹ́ ọ̀pẹ ràfíà, níbi tí ẹ̀fọn ń gbé.

Ohun kan wà tí mo máa ń rántí bí mo bá ti wọ géètì wọn. Lọ́dún 1990 yìí kan náà, ní oṣù keje, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó kó katakata wọ Maroko, ní ìbẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lápá ìwọ̀-oòrùn. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n máa ń sọ pé ó pàdánù ilé. Àwọn kan bọ́ sí Ilasan, àwọn kan bọ́ sí Ikota, àwọn kan bá wa dé Ajah pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò lórí. N kò sọ pé ẹyẹ ló lé wọn. Ẹyẹ kò ní katakata. Ṣùgbọ́n ọdún tí ọ̀bọ rí hẹ́kítà 78 gbà ni èèyàn kò rí àyè gbé. Ẹni tó bá ń ya igbó yìí, tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dá tí kò níbi tí yóò lọ, tó sì gbàgbé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, kò tíì mọ ibi tó dúró sí.

Ká padà sídìí iṣẹ́. Aago márùn-ún kù díẹ̀ ni mo máa ń jáde nílé, kí títì tó dí ní abẹ́ bíríìjì Ajah. Kámẹ́rà kì í bá mi jókòó níwájú ọkọ̀. Búùtù ló ń wà, níbi tí ooru wà. Ẹ̀kọ́ tí mo fi owó kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá gbé lẹ́ńsì tó ti gba atẹ́gùn ẹ́síì láti Ajah dé Chevron jáde sínú ọ̀rinrin òwúrọ̀ Lẹ́kí, á sọ kùrukùru bí ojú arúgbó, ogún ìṣẹ́jú á sì lọ kó tó là. Ní ogún ìṣẹ́jú yẹn ni ẹyẹ tí ẹ tìtorí rẹ̀ jí á wá, á wẹ̀, á gbọn ara, á lọ. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun tún ń bẹ. Ó ń jẹ ìdè irin, ó ń jẹ ojú bátìrì. Nǹkan funfun kan tó dà bí òwú aláǹtakùn sì hù sínú lẹ́ńsì mi tó dára jù lọ ní òjò ọdún kan, ó bà á jẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, inú ike gàrí onídèérí ni gbogbo lẹ́ńsì mi ń sùn, lórí ìrẹsì gbígbẹ tí a dì sínú aṣọ. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní lẹ́ńsì ń jẹ ìrẹsì ju ọmọ lọ.

Ẹyẹ kan wà létí àbàtà náà tí mo lè máa wò títí alẹ́ fi lẹ́. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí obì, àyà rẹ̀ funfun tó fẹ́ yẹ́lò, àwọ̀ búlúù kan sì wà ní iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Orí ewé òṣíbàtà ló ń rìn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ìgbálẹ̀, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń gbé e. Bó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ ká àwọn ìka náà jọ pẹ̀lú sùúrù, á gbé e kọjá, á tún tú u ká, ewé á rì díẹ̀, omi á yọ létí rẹ̀, ewé á tún gbéra. Akọ ló ń sàba lórí ẹyin. Akọ náà ló ń tọ́mọ. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan tí àwòdì ń rà bàbà lókè. Bàbá ọmọ na ìyẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó tẹ̀, àwọn ọmọ sá wọ abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó ń lọ. Nínú gíláàsì kámẹ́rà, mo rí ẹsẹ̀ tínrín-tínrín mẹ́rin tó ń fì dirodiro lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni.

Àwòrán yẹn dára. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á rò pé àárín igbó ńlá kan ni mo wà. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá yí kámẹ́rà sí ọ̀tún ní ìwọ̀n ìka méjì, táǹkì omi ilé ẹlòmíràn ló máa yọ. Idán tí kámẹ́rà ń pa nìyí, a kì í sì í sọ ọ́ fún yín: ohun tí a kò fẹ́ kí ẹ rí, a kò ní í gbé ojú lẹ́ńsì síbẹ̀. Igbó tí ẹ bá rí nínú fíìmù ẹyẹ, ẹ máa fura sí etí rẹ̀.

Máíkì ni kò mọ idán pa. Ẹ lè kọjú rẹ̀ síbi tó wù yín, ó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Mo fi etí sí ohun tí mo gbà lọ́jọ́ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yìí: jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan gbé ohùn nílẹ̀, ọ̀kan ń wúkọ́, ẹ̀rọ tó ń gbá páìlì mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, gbì, gbì, gbì, fèrè tírélà lójú títì, alùpùpù, ẹnìkan tó ń pe "Ọlá! Ọlá! Gbé ìkòkò yẹn sọ̀!" Lábẹ́ gbogbo ìyẹn, ẹ̀gà ń pàtótó, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ẹyẹ mi sì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Láti rí ẹyẹ l'Ékòó kò nira. Láti gbọ́ ọ nìkan ni ogun.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Lẹ́kí tó ń gbàdúrà kí NEPA mú iná wá nítorí ẹyẹ. Ẹni tí kò bá tíì wà nínú àbàtà yẹn nígbà tí iná dé kò tíì gbọ́ nǹkan. Jẹnẹrétọ̀ kan á kú, òmíràn á kú, ó di ìkẹta, ohùn igbó á wá ga sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Kò sì sí ohun tó ṣí níbẹ̀. Ó ti ń ké láti ọjọ́ yìí wá.

Ní àkókò kan, àwọn kan láti òkè òkun gbé iṣẹ́ fún mi, fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, ẹyẹ inú àbàtà etí òkun. Wọ́n ń san owó dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ ni pé kí ohùn ẹ̀rọ má ṣe sí níbẹ̀. Mo jí ní aago mẹ́rin, mo lọ ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo rò pé ẹ̀rọ páìlì ń sinmi. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ló pàdé mi. Mo lọ ní òwúrọ̀ ọdún iléyá. Àgbò ń ké. Owó ọkọ̀ ń lọ, ọjọ́ ń lọ. Mo wá rántí pé mo ní ohùn igbó kan nílé tó mọ́ tónítóní, tí mo gbà ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìbàdàn yẹn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀ tòótọ́ wà. Ẹbí ẹ̀gà ni ẹyẹ náà. Ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Láyé yìí, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà, àárín àwa Yorùbá. John Elgood tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ló kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ní 1958, orúkọ ìlú náà ló sì fún un: Malimbus ibadanensis. Ó wà nínú àwọn ẹyẹ tí wọ́n kà sí èyí tó lè run. Ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí èèyàn ti lè rí i, nínú igbó tí wọn kò gé níbẹ̀, nǹkan bíi hẹ́kítà 350. Ẹyẹ mìíràn wà tó jọ ọ́, tí òun náà pupa lórí, ṣùgbọ́n pupa tirẹ̀ kò dé àyà. Ẹyẹ méjèèjì, òkè téńté orí igi ni wọ́n ń jẹ̀. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, ikùn ló ń rí.

Òwúrọ̀ mẹ́ta ni mo lò. Èkíní àti èkejì, ọrùn dídùn nìkan ni mo rí gbà. Ní ọjọ́ kẹta, agbo ẹyẹ kan kọjá lókè, oríṣiríṣi wọn papọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń rìn nínú igbó tí gbogbo wọn jọ ń wá kòkòrò. Ọ̀kan tẹ ara sílẹ̀ lábẹ́ ewé, ó gbé àyà sójú oòrùn. Ó pupa. Ìṣẹ́jú àáyá 11 ni mo rí yà kó tó kọjá sẹ́yìn ewé. Bí mo bá tẹ ohùn rẹ̀ jáde láti inú fóònù ni, bóyá ìbá padà wá. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ ẹyẹ á rò pé ẹlòmíràn wọ ilẹ̀ òun, á fi jíjẹ àti mímu sílẹ̀, á wá jà. N kò ṣe é mọ́. Èmi tí ọmọ onílẹ̀ ti fojú rẹ̀ rí màbo, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ pe ọmọ onílẹ̀ jáde fún? Mo kúkú gbé máíkì kalẹ̀ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo wọ aṣọ onírun rẹ̀ fún un nítorí atẹ́gùn (ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ ọgbà ti bi mí rí pé irú ológbò wo nìyí), mo jẹ́ kó máa gbọ́ fún wákàtí kan.

Ohùn wákàtí kan yẹn ni mo mú, mo gé ìṣẹ́jú mẹ́fà nínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ àwòrán Lẹ́kí. Ó bára mu rẹ́gí. Ẹyẹ mi ń rìn lórí òṣíbàtà, igbó Ìbàdàn ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n yìn ín. Wọ́n sanwó.

Ìyá kan wà ní etí ọ̀sà Ajah tí mo ti ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò. Wọ́n bí i síbẹ̀ kí títì ọ̀dà tó dé. Èéfín ti bá ojú rẹ̀ jà, kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ló ń bá a yí ẹja. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká mi mọ́ ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ náà ní kí n fi fíìmù ẹyẹ hàn òun. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ọmọ ń pariwo, "Màámá, ẹyẹ ń rìn lórí omi!" Ìyá kò yíjú. Ó ń yọ ìpẹ́ ẹja. Ìgbà tó ṣe, ó dá ọ̀bẹ dúró.

"Níbo lo wà níbẹ̀ yẹn?"

"Kọ̀nsáféṣọ̀n ni, Ìyá. Nínú àbàtà."

"Nínú àbàtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tún un gbé kí n gbọ́." Mo tún un gbé. Ó gbé orí sápá kan. "Àparò ló ń ké yẹn. Inú omi ni àparò ti ń ké? Ta ló gbin àgbàdo síbẹ̀ fún un?"

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé ṣéńjì mi. Mo délé, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì. Àparò ni lóòótọ́, ó jìnnà réré, ẹ̀ẹ̀mẹta, láti inú oko àgbàdo tó wà lẹ́bàá igbó IITA. Èmi tí mo gbà á kò gbọ́ ọ, nítorí ẹyẹ pupa ni mo tẹ́tí sí. Àwọn tó sanwó kò gbọ́ ọ. Ìyá tí kò rí àwòrán ló gbọ́ ọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́, mo jẹ́wọ́, mo sì fi ohùn Lẹ́kí tòótọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Wọn kò fèsì, wọn kò sì gbé iṣẹ́ mìíràn fún mi. N kò bínú sí wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí i pé etí ni wọ́n fi máa ń mú ọmọ onílẹ̀ gan-an. Ní òkè Jos, ẹyẹ dúdú kékeré kan wà tí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa kan ló ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ á dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, á gbọ́ orin alágbàtọ́, á sì máa kọ ọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Payne láti Amẹ́ríkà gbọ́ orin alágbàtọ́ yìí lẹ́nu ẹyẹ dúdú náà, ó sì mọ̀ pé kò bá ti ẹyẹ pupa kankan tí òun mọ̀ mu. Ìyẹn ni pé ẹni tó ni orin wà níbì kan láàárín àwọn àpáta yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wá a, wọ́n rí i. Ní 1998 ni Payne kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀. Ọmọ tó wà lójútáyé ló tú àṣírí ìyá alágbàtọ́ rẹ̀.

Ti Príncipe tún jọ mí lójú ju ìyẹn lọ, erékùṣù kékeré kan nínú òkun wa níhìn-ín. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Ceciliano do Bom Jesus, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Bikegila. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan ni kó máa gun igi lọ mú ọmọ odídẹrẹ́ nínú ihò. Ẹni tó bá ń sùn sínú igbó torí odídẹrẹ́ á gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó sọ fún àwọn onímọ̀ nípa òwìwí kan tó wà nínú igbó náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wá a, igbe rẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ̀ lóru. Nígbà tí wọ́n kọ òwìwí náà sínú ìwé ní 2022, orúkọ Bikegila ni wọ́n fún un: Otus bikegila. Gbogbo ilẹ̀ tó ń gbé kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bikegila fúnra rẹ̀ ti di olùṣọ́ igbó.

N kò tíì dé Príncipe. Mo ti ṣírò owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fi owó náà san owó ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Odídẹrẹ́ inú igbó pàápàá, n kò tíì gba ohùn rẹ̀ rí ní Lẹ́kí. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí wọ́n dá òwò odídẹrẹ́ inú igbó dúró, ṣùgbọ́n nígbà náà, inú àgò ni àwọn tí mo mọ̀ ní Ajah wà. Ọ̀kan wà ládùúgbò wa. Kì í ké bí ẹyẹ. Igbe ọkọ̀ tó ń rìn sẹ́yìn ló ń ké, pí, pí, pí, tí dẹ́rẹ́bà á fi tẹ bíréèkì.

Ní báyìí, kí n tó tan kámẹ́rà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mò ń fi gba ohùn ibi tí mo dúró sí, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Ohùn ibẹ̀ náà ni mò ń tẹ́ sábẹ́ àwòrán ibẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà, ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wù kò pọ̀, mo ṣì ń ya òkú àgbà lọ́jọ́ Sátidé. Mo sì ń kó ohùn náà lọ bá Ìyá. Àwọn èyí tí mo rí tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ lédè wa, òun ló ń sọ ọ́ fún mi, nígbà mìíràn orúkọ méjì, ti ìlú rẹ̀ àti ti ìlú ọkọ rẹ̀, á sì bá mi jà bí mo bá pè é ṣì. Bí páìlì bá ń dún gbì-gbì lórí ohùn, á kàn ní, "Àwọn aládùúgbò rẹ nìyẹn," á ní kí n máa bá a lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ohùn kan tí mo ti gbà láti bí ogún ọjọ́ lọ bá a. Oòrùn mú ganrínganrín, ẹja tẹ́ kalẹ̀ lórí àwọ̀n irin, aṣọ gbogbo ilé wà lórí okùn. Ìyá jókòó, ó na ẹsẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ dún, tírélà dún, ẹ̀gà ń pàtótó. Lẹ́yìn náà, láti inú koríko, ohùn kan tó rẹlẹ̀, tó jinlẹ̀, tó dà bí omi tó ń jáde lẹ́nu àkèrègbè: elúlùú.

Ìyá gbé orí sókè.

"Sùlé," ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀, "dìde, kó aṣọ wọlé."

Ọmọ náà wo ojú ọ̀run, ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó wò mí lójú. Mo mi orí sí i. Ó dìde, ó lọ kó aṣọ.